Bí A Bá Lé Ọlọ́jà Kúrò ní Oríta, Ta Ni Yóò Kí Èṣù?



Nígbàkígbà tí ìjọba bá ní òun fẹ́ tún ìlú ṣe, àwọn onípàtẹ ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé. Àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mìíràn a sì máa pàtẹ́wọ́ pé ìlú ti mọ́. Èmi kò lè bá wọn pàtẹ́wọ́.

Iwájú ààfin ni àwọn baba wa tẹ́ ọjà sí. Wọn kò gbé e pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Akẹ̀sán rí ní Ọ̀yọ́ títí di òní. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí a fi ń bọ òrìṣà ni a sì fi ń ka ọjọ́ ọjà. Ọjà aṣọ òkè ti Ojé ní Ìbàdàn, ọjọ́ 16 ló máa ń wà láàárín ọ̀kan sí èkejì (onífá yóò rántí iye ojú odù).

Yangí Èṣù kì í jìnnà sí ọjà. Òun ló ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run. Ibi tí àlejò àti onílé ti ń dúnàádúrà, tí owó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Oríta tí kò sí ẹni tó ń tà, tí kò sí ẹni tó ń rà, ta ni yóò ta epo sílẹ̀ níbẹ̀?

Àwọn ará wa ní Brasil kò gbàgbé. Ní Porto Alegre, ọjà ńlá kan wà tí wọ́n ṣí ní 1869. Àwọn ẹlẹ́sìn Batuque gbà pé Èṣù, tí wọ́n ń pè ní Bará, wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Wọ́n ń ju owó wẹ́wẹ́ síbẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá. Ní Salvador, àwọn obìnrin ń din àkàrà, oúnjẹ Ọya, lójú títì. Ní 2005, ìjọba wọn kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé ogún àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Àkàrà kan náà ni ìyá kan ń dín ní oríta tiwa, tí wọ́n ń da agbada rẹ̀ nù.

Mo gbà pé ọ̀nà kò yẹ kí ó dí. Onílé oríta pàápàá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ìyálọ́jà pààlà fún àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ọkọ̀ rọ́nà kọjá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń múra láti kọ́ ọjà ìgbàlódé sí ìlú yín, kí àwọn awo tètè lọ bá àwọn tó ń ya àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó hú yangí, kí wọ́n sì bi wọ́n pé: níbo ni Èṣù yóò wà, níbo sì ni ìyá alákàrà yóò jókòó?