Omi Ìkógòsì àti Èépá Inú Kẹ́tùrù

Ìbéèrè tí ìyá ọlọ́mọ kan fi ránṣẹ́ sí mi láti Àrámọ̀kọ́ ni mo fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Ewékorò ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, kì í pẹ́ tí èépá funfun fi máa ń bo inú kẹ́tùrù rẹ̀, ọṣẹ kì í sì í tètè hó. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà sílé, tí ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì wá fún un, kò rí èépá kankan mọ́. Màmá wá sọ pé omi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbé kaná, tí ó sì mọ́ tó báyìí, kò yẹ kí a tún sè kí a tó fún ọmọ oṣù mẹ́rin mu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ohun tí arábìnrin yìí fojú rí, òótọ́ ni. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú kẹ́tùrù. Bí omi òjò bá ń wọ ilẹ̀ lọ, ó máa ń gba irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta mọ́ra, èyí tí ó tún ń ru nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Afẹ́fẹ́ yìí ń mú kí omi kan díẹ̀, omi kíkan náà sì ń jẹ òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ti ń fi ṣe símẹ́ńtì ní Ewékorò láti 1960. Òkúta á yọ́ sínú omi, ojú kò ní rí i, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Nígbà tí ẹ bá gbé omi náà kaná, afẹ́fẹ́ á fò lọ, omi kò ní lè gbé òkúta dání mọ́, ara kẹ́tùrù ni yóò sì lẹ̀ mọ́. Kì í ṣe májèlé. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi díẹ̀, ẹ sè é nínú kẹ́tùrù náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní gbangba ní Pamukkale, ní ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ń sun jáde láti inú òkúta ẹfun. Bí ó bá ti yọ sí ìta, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sá lọ bí ìgbà tí a ṣí ìdérí ìgò, òkúta funfun á sì jókòó ní ìpele ìpele, títí ẹ̀gbẹ́ òkè náà fi dà bí ibi tí wọ́n sá òwú sí. Òwú náà ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Travertine ni àwọn onímọ̀ ń pe irú òkúta bẹ́ẹ̀, òun ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ sì fi kọ́ Colosseum wọn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀ ni pé omi tí ó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí kò gbóná ju tiwa lọ. Nǹkan bí 35 ni lórí òṣùwọ̀n Celsius; ti Ìkógòsì tó 37 tàbí 38 ní orísun rẹ̀, kí ó tó ṣàn pàdé omi tútù. Ooru nìkan kọ́ ni ó ń bí òkúta funfun, bí kò ṣe ohun tí omi gbà kọjá. Òkè tí ó wà láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè dé Ìkógòsì, òkúta quartzite ni, ìyẹn yanrìn àtayébáyé tí ó dì pọ̀ gbagidi. Ẹ da omi sórí yanrìn láti àárọ̀ di alẹ́, ṣé yóò yọ́? Omi òjò ń gba ibi tí òkúta yìí ti là wọlẹ̀ lọ jìnnà, ooru inú ilẹ̀ á mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, á sì padà jáde láìru ẹrù òkúta tí ó tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n òkúta yàtọ̀ sí kòkòrò àrùn. 37 ni ooru ara ènìyàn. Ìtura ni ooru bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Omi tí ó fi èépá sílẹ̀ lè ṣeé mu, omi tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ sì lè dá ọmọ dùbúlẹ̀, pàápàá bí kẹ́ẹ̀gì tàbí ọwọ́ tí a fi bù ú kò bá mọ́. Ọmọ oṣù mẹ́rin kò tilẹ̀ nílò omi rárá. Ọmú nìkan tó o títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, omi tí ó ti hó yaya lórí iná, tí a sì bò títí ó fi tutù, ni kí ó máa mu.

Ní ti Màmá, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kúnlẹ̀ gba kẹ́ẹ̀gì wọn, kí ẹ sì dúpẹ́. Kò sí omi tí ó dára ju èyí lọ fún fífọ ìlédìí ọmọ. Ẹ sá wọn síbi tí wọn yóò ti rí wọn.