A Kì Í Fi Ojú Olójú Ṣòwò Kí A Jèrè

Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí mọ ọjà dénú. Wọ́n ti rí obìnrin tí ó jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ó gba ọ̀nà Ìtòkú lọ ní Abẹ́òkúta láti ra àdìrẹ, tí ó tú aṣọ kọ̀ọ̀kan, tí ó nà án sí ìmọ́lẹ̀, tí ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á kí ó lè mọ̀ bóyá aró rẹ̀ yóò ṣí, títí ó fi ya èyí tí àwọn oníbàárà tirẹ̀ yóò rà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí yóò kó sí i lọ́rùn. Wọ́n sì ti rí ẹnìkejì rẹ̀ tí ó jókòó sílé, tí ó ní kí aládùúgbò bá òun ra irú èyí tí onítọ̀hún bá rà fún ara rẹ̀. Aládùúgbò yẹn kò purọ́, kò sì jalè. Aṣọ tí ó rà dára lójú rẹ̀, ìbá sì tà ní ọjà tirẹ̀. Nítorí náà ni òwe náà kò fi sọ pé ojú olójú fọ́, tàbí pé onítọ̀hún fẹ́ tan ni jẹ; ohun tí ó sọ kò ju pé èrè kò sí níbẹ̀ lọ.

Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá wá béèrè irú kámẹ́rà tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà, àwọn tí ó fẹ́ máa ya fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìkómọjáde láti fi jẹun, tí owó ọwọ́ wọn kò sì tó nǹkan. Orúkọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Sony ni kí n rà ni, àbí Canon?" Wọn kì í sọ ohun tí wọ́n fẹ́ yà, wọn kì í sọ irú ibi tí wọn yóò ti yà á, wọn a ní ọ̀gá kan ní Èkó ń lò ó, tàbí pé òyìnbó kan yìn ín lórí YouTube. Ọ̀gá Èkó yẹn ní ọmọ iṣẹ́ tí ń gbé iná tẹ̀ lé e, òyìnbó yẹn sì dá jókòó nínú yàrá tí ó pa rọ́rọ́, ojú ara rẹ̀ ni ó ń yà. Kò sí èyí tí ó mọ gbọ̀ngàn tí ọmọ yìí yóò wọ̀ ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà tí òwe náà fi pamọ́ sí abẹ́ ahọ́n, òun ni pé ẹni tí a ní kí ó lo ojú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ojú náà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú fóònù tí ó wà lápò wọn, kí wọ́n tẹ̀ lé ẹni tí ó ti wà nínú iṣẹ́ lọ sí òde bí i mélòó kan, kí wọ́n yà, kí wọ́n sì padà wálé wo ohun tí wọ́n yà láìṣe ojúsàájú sí ara wọn. Ẹni tí ó bá ṣe èyí kò ní béèrè orúkọ mọ́. Yóò ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wọ gbọ̀ngàn kan lọ ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ní ọjọ́ tí ẹbí méjì fẹ́ di ọ̀kan. Alága ìjókòó ti gba makirofóònù, alága ìdúró ń dá a lóhùn, onígángan ń ki àwọn ìyá ìyàwó ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, iná aláwọ̀ àlùkò ń tàn yíká, iná ilé fúnra rẹ̀ kò sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ohùn ni ó máa ń kọ́kọ́ já ẹni tí ó ra kámẹ́rà fún orúkọ kulẹ̀. Makirofóònù kékeré tí ó wà lára kámẹ́rà máa ń gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀ nígbà tí ibi gbogbo bá dákẹ́, a sì rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ wìtìwìtì nígbà tí ìlù bá bú, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ìwúre baba ìyàwó yóò fi rì sínú ariwo tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọgbọ́n kankan yọ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ ṣú díẹ̀, àwọn ẹbí yóò forí jì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àdúrà baba wọn, kí ni yóò wí?

Nítorí náà, lójú tèmi, ohun àkọ́kọ́ tí a ń wò lára kámẹ́rà fídíò ni ihò tí a ń ki wáyà makirofóònù bọ̀. Canon gbé 2000D àti 4000D jáde ní 2018. Tuntun nínú páálí ni a ń rí wọn, owó wọn kò sì ga, ṣùgbọ́n kò sí ihò yìí lára èyíkéyìí nínú wọn. Ó wà lára 700D tí ó ti jáde láti 2013, tí a ń rí rà ní tòkunbọ̀. Ẹni tí ó fi ojú páálí yan kámẹ́rà yóò gbé tuntun lọ sílé, yóò sì fi ohùn ṣòfò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 4K, tí gbogbo ènìyàn ń pè bí ẹni pe oríkì. M50 tí Canon gbé jáde ní ọdún 2018 kan náà ní 4K lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí i, ojú rẹ̀ a dínkù débi pé a ní láti fà sẹ́yìn kí àwòrán tó gba àwọn ènìyàn, ọgbọ́n tí ó fi ń tẹ̀ lé ojú ẹni tí ń rìn kíákíá a sì fi í sílẹ̀. Ìyàwó tí ń jó wọlé kì í dúró de kámẹ́rà. Fún irú òde wa yìí, èmi yóò kúkú mú 200D ti 2017, tí kò ní 4K rárá, ṣùgbọ́n tí ń tẹ̀ lé ojú ènìyàn dáadáa, tí ó ní ihò makirofóònù, tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yí síta. Kí ẹni tí yóò lò ó ṣáà mọ̀ pé yóò dá dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá pé ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59, nítorí owó ibodè tí àwọn ará Yúróòpù máa ń gbà nígbà náà lórí ẹ̀rọ tí ń ya fídíò jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ṣe fi òdiwọ̀n náà sí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìgbà náà. Ìwàásù kan lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó tún un tẹ̀ kí àkókò tó pé.

Iná pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ ìgbà 60. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti ọ̀hún wá ni a ti tò sí NTSC, ìlànà fídíò tiwọn, láti ọ̀dọ̀ wọn, bí a bá sì lò wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, ìlà dúdú a máa gorí àwòrán lọ bí omi. Ẹni tí ó yí i sí PAL, ìlànà tiwa, tí ó ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí ó sì fi ìṣíjú rẹ̀ (shutter) sí 1/50, bọ́ lọ́wọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wàhálà náà láìná kọ́bọ̀.

Ìmọ̀ ìwọ̀n ara ẹni ni ìlékè ọgbọ́n. Bí gbogbo owó tí a ní bá jẹ́ mẹ́wàá, mo gbà pé márùn-ún ni ó yẹ kí kámẹ́rà gbà, kí ìyókù jẹ́ ti makirofóònù, ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé e kà, ti bátìrì kejì, nítorí iná mànàmáná kì í dágbére kí ó tó lọ, àti ti lẹ́ńsì kan tí ó lè ríran nínú òkùnkùn. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 tí Canon gbé jáde ní 2015 kò wọ́n, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé sì lé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí tí lẹ́ńsì inú páálí ń gbà ní f/5.6. Lára 200D, ó máa ń fa nǹkan súnmọ́ni bí 80mm, nítorí náà nínú pálọ̀ kékeré, ẹ̀yìn ayàwòrán yóò fara kan ògiri kí ó tó rí gbogbo ẹbí.

Ẹ wo Túndé Kèlání, ọ̀gá nínú iṣẹ́ fíìmù Yorùbá, tí ó ti di kámẹ́rà mú fún àwọn ẹlòmíràn nínú fíìmù bí Ìyá Ni Wúrà àti Taxi Driver kí ó tó fi Mainframe, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ya Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993. Fídíò lásán ni ó fi yà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń fojú tín-ín-rín wo fídíò. Ojú tí ó ti kọ́ ni ó gbé wọ inú ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ká. Ká ní fìlà kò tó ká mọ̀ ọ́n dé.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni di etí sí ìmọ̀ràn; ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí a gba ìròyìn lẹ́nu ẹni tí ó ti ya irú òde tí a fẹ́ yà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe rán an lọ ra kámẹ́rà fún wa. Ẹni tí ń lọ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó mú káàdì àti makirofóònù tirẹ̀ lọ. Kí ó tan tọ́ọ̀ṣì wọ inú lẹ́ńsì láti wò bóyá èbu ti hù síbẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í dá gíláàsì sí. Kí ó bo ojú lẹ́ńsì náà ṣú, kí ó yà á bẹ́ẹ̀, kí ó sì wá àmì funfun tí kì í kúrò lójú kan. Kí ó ki makirofóònù bọ kámẹ́rà náà, kí ó mi wáyà rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ohun tí ó gbà sílẹ̀; kí ó jẹ́ kí kámẹ́rà náà máa yà títí yóò fi gbóná. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní òun kò ráyè, pé gbogbo ènìyàn ni ó ń rà á bẹ́ẹ̀, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀.