Irin Ni àbí Pákó? Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Tírélà Tí Kò Ní Máa Yọ̀

Camry kan ni mo ń fi wíǹṣì fà sókè lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ gbàǹjo tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tí iwájú rẹ̀ ti rún wómúwómú. Òjò ti dá, àmọ́ ilẹ̀ irin tírélà mi ṣì tutù. Mo gun orí rẹ̀ kí n lè tún okùn wíǹṣì tó ti gorí ara rẹ̀ ṣe. Ibi tí ọ́ìlì ọkọ̀ àná kán sí ni mo fẹsẹ̀ tẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti wà nílẹ̀, ìgbáròkó ni mo sì fi gba irin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ti ọ̀pá rìn.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Houston kò kéré níye. A ó bá ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn ra ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá ní ọjà gbàǹjo, a ó fi tírélà gbé e lọ sí èbúté, ọkọ̀ ojú omi á wá gbé e lọ sí Tin Can tàbí Cotonou, ibẹ̀ ni yóò ti di tòkunbọ̀. Tírélà tí mò ń wí kì í ṣe gbọọrọ tí ń kó sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Ṣàgámù o. Èyí kékeré ni, tí píkọ́ọ̀pù ń fà sẹ́yìn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18 tàbí 20, tí ó ní táyà mẹ́rin. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, òun àti ẹrù orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 7,000 lọ. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú ni àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ti ń bi mí léèrè: kí ni kí àwọn fi ṣe ilẹ̀ tírélà àwọn tí kò fi ní máa yọ̀?

Ẹni méjì ló ti gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, èrò wọn kò sì pàdé.

Jórinjórin tí ń bá mi tún tírélà ṣe, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ pákó sétí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi irin sí i, kí ẹ lọ sùn,” ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Irin tó ń wí ni ṣẹ́kà-pléètì, èyí tí ilà wúruwùru kékeré yọ sókè lára rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Ó lẹ́jọ́ rò. Irin kì í jẹrà bí igi. Bí ọkọ̀ kan bá dé tí táyà rẹ̀ kan ti fò lọ, tí ó jẹ́ pé ríìmù lásán ni a ó fi wọ́ ọ gòkè, irin á há díẹ̀, kò sóhun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n pákó á fà ya. O lè gbé jáàkì lé e níbikíbi. Bí ọ́ìlì bá dà sí i, ọṣẹ àti omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára ti tó láti wẹ̀ ẹ́ nù, kò ní mu ún sínú. Bí wọ́n bá sì jó o mọ́ férémù dáadáa, ó tún ń fún gbogbo ara tírélà lágbára. Bí ẹ bá wo àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ kúrò lójú títì, irin tàbí alumíníọ̀mù ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Wọn ò ṣèèṣì yàn án.

Ohun tí kì í sọ ni pé orí àwọn ilà wúruwùru yẹn nìkan ni àtẹ́lẹsẹ̀ ń bà. Bí omi bá bò wọ́n, tí ọ́ìlì díẹ̀ bá wà nínú omi náà, ìba ibi tín-ín-rín tí bàtà rẹ rí dì mú kò tó nǹkan. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan tí táyà ti ń gbà á kọjá, orí ilà wọ̀nyẹn á ti dán, wọ́n á máa kọ mànà bí ẹ̀yìn ṣíbí. Irú ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú. Oòrùn ilẹ̀ Texas náà kò jẹ́ kí irin dùn ún bá ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán oṣù Ògún, kò sẹ́ni tó lè fi orúnkún lásán kúnlẹ̀ lórí rẹ̀ láti de táyà, bẹ́ẹ̀ ìkúnlẹ̀ ni à ń kúnlẹ̀ de táyà. Omi tún máa ń yọ́ wọ àárín pléètì àti irin ìdábùú tó gbé e dúró, irin á sì máa dípẹtà níbẹ̀ láìjẹ́ kí ojú rí i, títí di ọjọ́ tí ilẹ̀ bá dún gbì lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹnì kejì ni bàbá kan tó ti ń gbé ọkọ̀ lọ sí èbúté kí n tó fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà. Igi páìnì ni ilẹ̀ tírélà tirẹ̀, pákó tó nípọn tó íǹṣì kan àtààbọ̀. Mo lọ kí i nígbà tí mo ṣì ń ti ọ̀pá, ó sì ní, “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ènìyàn àti igi ti mọra tipẹ́.” Ó mú mi dé orí tírélà rẹ̀, ó da omi sí i, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ náà di bàtà mi mú. Omi kò dúró lórí rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín pákó kan sí èkejì ló ń gbà jò lọ sílẹ̀. Ó fi pákó kan hàn mí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Jáàkì ló lu ti àtẹ̀yìnwá ya. Ó tú sukúrúù mẹ́fà, ó gbé òmíràn sí i, kò gbà á ju wákàtí kan lọ. Kò pe jórinjórin, kò yá ẹ̀rọ. Bí ó bá sì fẹ́ fi igi dí ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má yí padà, ibi tó bá wù ú ló lè kàn án mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo náà wà ńbẹ̀. Ilẹ̀ tírélà ẹsẹ̀ bàtà 18 tí ìbú rẹ̀ súnmọ́ 7 fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 125 níbùú-lóòró. Ṣẹ́kà-pléètì tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì wúwo ní nǹkan bíi pọ́n-ùn 6 fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ á lé ní 700. Igi páìnì tó ti gbẹ á tó nǹkan bí 550. Iye tó fi fúyẹ́ ju irin lọ yẹn, ẹrù lo máa fi gbé. Ṣùgbọ́n kí a má fi eléyìí gbé pákó ga jù: igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nílé iṣẹ́, tí omi oògùn tí kì í jẹ́ kí igi jẹrà ṣì kún inú rẹ̀, lè wúwo tó irin náà.

Oògùn yẹn gan-an sì ni ibi tí pákó ti ń fi ìyà jẹ ẹni tí kò bá mọ̀. Bí kò bá sí oògùn nínú igi páìnì, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹrà, nítorí òjò tó ń rọ̀ ní Houston lọ́dún kan tó nǹkan bí íǹṣì 50. Títí di ìparí ọdún 2003, oògùn olóró arsenic wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú igi tí àwọn aráàlú ń rà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò, bàbà tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di púpọ̀ sí i. Bàbà yìí máa ń jẹ sukúrúù irin lásán, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù pẹ̀lú. Nítorí náà, sukúrúù tí kò lè dípẹtà ni kí o rà, má sì to irú igi bẹ́ẹ̀ lé férémù alumíníọ̀mù láìfi nǹkan sáàárín wọn. Pákó tí a pa tì sábẹ́ igi fún oṣù mẹ́ta, èéhù á hù sí i, á sì yọ̀ ju irin lọ. Ọ́ìlì tó bá ti mu, kò sọ́ṣẹ tó lè fà á jáde tán. Àwọn kan tún máa ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù sí i, wọ́n ní kó má baà jẹrà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ilẹ̀ yíyọ̀ tí a ń sá fún náà ni ẹ fi owó ara yín rà yẹn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò kí wọ́n tó ná owó. Ilẹ̀ tó di ẹsẹ̀ mú ni yóò di táyà mú. Èyí dára bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí o kàn fẹ́ wà á gòkè. Ṣùgbọ́n ìdajì ọkọ̀ gbàǹjo tí mò ń gbé, òkú ọkọ̀ ni: jíà rẹ̀ há, táyà rẹ̀ kò yí, ńṣe la máa ń wọ́ ọ tuurutu. Mo ti rí tírélà tí wọ́n tẹ́ rọ́bà nípọnnípọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ọkọ̀ kan dé àárín rẹ̀ tí kò lọ mọ́, tí wíǹṣì ń ké, tí okùn rẹ̀ le gbandi. Okùn wíǹṣì tó bá já nínú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Rọ́bà dára nínú tírélà olórùlé tó ń gbé ọkọ̀ ìdárayá tó mọ́ tónítóní. Fún iṣẹ́ tiwa, mi ò lè gbà á ní yíyàn. Ó sì ń dá omi dúró sábẹ́ ara rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ tó di táyà mú yóò bá a de ọkọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ ẹrù ṣòwò ní kí ìdè ẹrù lè dá a dúró bí agbára tó ń tì í síwájú bá tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀. Fún Camry tó wúwo tó 3,300, ìyẹn ju pọ́n-ùn 2,600 lọ. Òfin náà ní kí a fi ìdè méjì, ó kéré tán, de irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Irin ni o, pákó ni o, ìdè wọ̀nyẹn kò ṣeé yọ.

Èmi kò tú irin mi. Mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ agbọ́ìlì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tó dípẹtà, mo jẹ́ kó gbẹ lọ́jọ́ méjì. Àárín ibi tí táyà méjèèjì ń gbà ni ẹsẹ̀ mi máa ń tẹ̀ nígbà tí mo bá ń fa okùn wíǹṣì, nítorí náà, àárín yẹn ni mo kun lọ́dà, ní ìbú íǹṣì 30, àti iwájú níbi tí mo máa ń dúró sí. Kí ọ̀dà tó gbẹ, mo fọ́n iyanrìn gbígbẹ lé e bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sí ẹran, mo sì fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ojú ọ̀nà táyà ni mo fi sílẹ̀ lásán, kí òkú ọkọ̀ lè máa yọ́ gòkè. Ìdí tírélà tó dà gẹ̀rẹ̀, àti irin méjì tí ọkọ̀ ń gùn wọlé, mo ní kí jórinjórin jó irin oníhò bí àwọ̀n mọ́ wọn, torí táyà ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń yí lásán níbẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Iyanrìn náà máa ń ṣí kúrò, ọdọọdún ni mo ń tún un kùn.

Bí ó bá jẹ́ òní ni mo ń ra tírélà, tí ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sì ni mo fẹ́ máa gbé jù, pákó ni ǹ bá yàn. Ẹni tó jẹ́ òkú ọkọ̀ ló ń gbé láràárọ̀, kó gba irin, kó sì fọ́n iyanrìn sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí o gbà, kí o tó gbé ọkọ̀ kankan lé e, bu omi kún báàkẹ́ẹ̀tì, kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, dà á sí ilẹ̀ náà, wọ bàtà tí o fi ń ṣiṣẹ́, kí o sì rọra rìn ín láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò dì ọ́ lápá mú.