Rìmóòtù Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Òkun àti Iṣẹ́ Tí Ó Kù fún Àwọn Ọmọ Wa



Láti ìgbà tí ìròyìn ẹbí ti gbé e jáde pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kubwa wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ní Oron, láti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ń bi wá ṣáá. Wọ́n ní: “Ṣé kì í ṣe rìmóòtù ni wọ́n fi ń darí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nísinsìnyí? Kí wá ni ọmọ fẹ́ lọ ṣe nísàlẹ̀ ọkọ̀?” Ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ni èyí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọ̀la ọmọ sì ni. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wa. Ní 1951 ni ọkọ̀ Aureol ti Elder Dempster bẹ̀rẹ̀ sí ná Èkó sí Liverpool, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì bá a lọ kàwé nílùú ọba. Láyé ìgbà náà, ọ̀gá tí ó dúró lókè ọkọ̀ kì í fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ohun kan wà níwájú rẹ̀ tí ó dà bí ojú aago, tí a kọ ìdúró, ìlọsíwájú àti ìpadàsẹ́yìn sí lára. Bí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ síbi tí ó fẹ́, agogo a dún nísàlẹ̀. Ẹnjiníà tí ó wà nínú ooru àti ariwo a ti tirẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, láti fi dáhùn pé òun ti gbọ́; lẹ́yìn náà ni yóò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí a rán an.

Iṣẹ́ kékeré kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ńláńlá, ẹ́ńjìnnì kò ní jíà bíi ti mọ́tò. Òun gan-an ni a so mọ́ irin abẹ̀bẹ̀ tí ń yí lábẹ́ omi. Bí ọkọ̀ yóò bá fi ẹ̀yìn rìn, a ní láti dá ẹ́ńjìnnì dúró pátápátá, kí a tún gbé e dìde kí ó máa yí sí òdìkejì. Afẹ́fẹ́ tí a kì sínú àgbá irin ni a fi ń gbé e dìde. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, ọkọ̀ di igi tí ń léfòó.

Ní 1961 ni àwọn ará Japan kan ọkọ̀ Kinkasan Maru, tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ tí a lè ti òkè darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pá kan ni atukọ̀ ń tì. Nígbà kan, afẹ́fẹ́ inú páìpù ni ó ń jíṣẹ́ ọ̀pá náà dé ìsàlẹ̀. Wáyà iná tẹ̀ lé e, lónìí kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n kò dà bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n o. Òun a kọ́kọ́ wò bóyá ọ́ìlì ń lọ dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ láti dìde, yóò gbìyànjú níwọ̀nba, yóò sì ké pe ènìyàn kí afẹ́fẹ́ má bàa tán. Bí atukọ̀ bá fi ìkánjú ti ọ̀pá dé òpin, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fi kún eré. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ jù, yóò pa ẹ́ńjìnnì.

Àwa tí a ń jẹun nídìí réluwè mọ irú rẹ̀. Bí a bá so orí réluwè méjì pọ̀, awakọ̀ iwájú nìkan ni í darí méjèèjì, wáyà ni í gbé àṣẹ rẹ̀ lọ sí èkejì. Síbẹ̀, wáyà náà kò lé àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

A kò ní tan yín: àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ti dín kù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò sí ẹni tí ń jókòó ti ẹ́ńjìnnì lóru mọ́. Agogo ni í jí ẹnjiníà lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, lóru ọjọ́ 26 oṣù kẹta 2024. Ọkọ̀ Dali, tí ó gùn tó mítà 300, ń jáde ní èbúté nígbà tí iná rẹ̀ kú lójijì, ẹ́ńjìnnì ńlá sì pa ara rẹ̀. Ọ̀pá wà lókè, kò ní agbára mọ́. Ọkọ̀ lọ kọlu afárá Francis Scott Key, afárá wó, òṣìṣẹ́ 6 tí ń tún ojú ọ̀nà ṣe lórí rẹ̀ sì kú. Àlejò bíi tiwa ni wọ́n, tí wọ́n ti Mexico àti àwọn ilẹ̀ ààrin Amẹ́ríkà wá oúnjẹ òòjọ́ wá. Ní 2025 àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé wáyà kan tí kò wọlé dáadáa ni ó pa iná náà. Ìlẹ̀mọ́ tí a fi kọ orúkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó jókòó.

Wáyà kan ṣoṣo! Ìdí nìyí tí òfin òkun àgbáyé fi sọ pé, bí rìmóòtù tilẹ̀ bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe láti dúró ti ẹ́ńjìnnì kí a sì fi ọwọ́ darí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ náà kò kú. Ó yí padà ni. Ọmọ tí ó mọ irin nìkan yóò wá iṣẹ́ tì. Ẹni tí ó mọ irin, tí ó mọ wáyà, tí ó sì mọ kọ̀ǹpútà ni ọkọ̀ ń wá. Kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́, ṣé wọn yóò kọ́ ọmọ ní iná àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀? Èkejì, ọkọ̀ wo ni yóò gbà á? Ìlànà àgbáyé ń béèrè oṣù 12 ẹ̀kọ́ ọwọ́ àti ti ojú òkun, kí oṣù 6 ó kéré tán nínú rẹ̀ jẹ́ ìṣọ́ nídìí ẹ́ńjìnnì, kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa parí ẹ̀kọ́, wọn kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Abùjá kò ní òkun, ṣùgbọ́n ibí ni ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ òkun wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 2023, tí Alhaji Adégbóyèga Oyètọ́lá, ọmọ Ìràgbìjí, jẹ́ mínísítà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀nà kò jìn. Ó tọ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ ìwé síbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn ọmọ, kí a sì jíròrò rẹ̀ nípàdé tí ń bọ̀.