Ta Ló Ní Ẹ̀tọ́ Láti Bi Ilé-Ẹ̀kọ́ Léèrè?

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, kò sí ìdí tí kò fi yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún àdúgbò. Lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, nígbà tí ènìyàn bá ti kọjá Ajah díẹ̀, ni ọgbà ilé gbígbé kan wà tí wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Abraham Adésànyà sọ. Oríta olóbìrípo tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti jogún orúkọ náà, débi pé ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ tí ó ń pariwo "Adésànyà wà o!" létí awakọ̀ lójoojúmọ́ ni kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni ọkùnrin náà, agbẹjọ́rò sì ni. Wọ́n bí i ní 1922, ó sì dágbére fún ayé ní 2008. Àwọn tí ó rántí rẹ̀ a máa sọ nípa ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re tí ó ṣe olórí fún, àti nípa ìbọn tí wọ́n yìn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1997, tí orí kó o yọ. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀ ọ́n sí. Nígbà ìjọba alágbádá kejì, nígbà tí ó wà ní ilé aṣòfin àgbà, ó pe Ààrẹ orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́ nítorí yíyàn tí wọ́n yan Adájọ́ Victor Ovie-Whiskey ṣe alága àjọ elétò ìdìbò. Ní 1981, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ da ẹjọ́ náà nù. Kì í ṣe pé wọ́n wo ìdí ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó sọ pé kò tọ́. Ohun tí wọ́n wí ni pé olùpẹ̀jọ́ kò fi hàn pé ọ̀ràn náà kan òun ju bí ó ti kan gbogbo ará ìlú yòókù lọ. Lédè kan, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ń fi ojú bi àwọn òbí lónìí, bí wọn kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́. Wọ́n ń pe òbí nígbà tí òrùlé bá jò. Wọ́n ń pè é nígbà tí owó bá kù, tàbí nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń pinnu aago tí agogo yóò lù, ohun tí wọn yóò fi owó ọdún náà ṣe, èdè tí wọn yóò máa fi bá ọmọdé sọ̀rọ̀, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò kọ́ ọ, òbí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọn kò pè sí ìmọ̀ràn ni wọ́n ń pè sí ìdáwó, ẹnu sì wá ń yà wọ́n nígbà tí kò bá yá a lára láti wá.

Àwọn kan rò pé àṣà òyìnbó ni kí ìdílé máa dá sí ètò ẹ̀kọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rántí bí Yorùbá ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí bàbá tí í ṣàdédé fa ọmọ lé aránṣọ tàbí alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́, kí ó sì yíjú padà lọ sílé. Àwọn ẹbí ọmọ yóò lọ bá ọ̀gá, wọn yóò jókòó, wọn yóò sì jọ fẹnu kò lórí iye ọdún tí ọmọ yóò lò, ibi tí yóò máa sùn, ẹni tí yóò máa bọ́ ọ, irinṣẹ́ tí bàbá yóò rà àti èyí tí ọ̀gá yóò pèsè. Onígbọ̀wọ́ yóò dúró. Nígbà tí ìwé kíkọ sì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àdéhùn náà sílẹ̀, tọ̀tún tòsì a sì fọwọ́ sí i. Bí ọmọ bá ń sá níbi iṣẹ́, ọ̀gá tí ó mọ̀wà hù yóò ránṣẹ́ sílé kí ó tó lé e. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀gá ni ó sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ọ̀dọ̀, tí ó ń pọn omi, tí ó ń gbálẹ̀, tí kò sì mọ abẹ́rẹ́ í mú, àwọn ẹbí mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà lọ bá a sọ ọ́. Ní ọjọ́ ìgbòmìnira, tẹbí tọ̀rẹ́ ni yóò péjọ. Ojú gbogbo wọn ni ọ̀gá yóò ṣe gbàdúrà, tí yóò sì gbé irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Bákan náà ni ní ilé kéwú. Ìdílé mọ ibi tí ọmọ kà dé nínú Kùránì, nítorí pé àwọn ni yóò se oúnjẹ tí wọn yóò fi ṣe ajọ̀dún rẹ̀, títí tí yóò fi dé orí wòlímọ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àbùkù kan èyí pé ó jẹ́ ayẹyẹ lásán. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá lè sọ, láìṣi í sọ, bóyá ọmọ rẹ̀ ti lè gé aṣọ tàbí kò tí ì lè gé e. Lónìí, ìyá tí ó gboyè ní yunifásítì lè máa gba ìwé èsì ìdánwò fún ọdún mẹ́fà kí ó tó mọ̀ pé ọmọ òun kò lè ka ojú ìwé kan já.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìgbàlódé gan-an kò fi ìgbà gbogbo jẹ́ àjèjì sí ìdílé ní ilẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà ti Iléṣà sílẹ̀ ní 1934. Àwọn ọmọ bíbí Ọ̀fà tí wọ́n kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ ni ó dá ti Ọ̀fà sílẹ̀ ní 1943. Ẹni tí ó bá sì dá owó kọ́ ilé kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó béèrè bí inú ilé ṣe rí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000 ní ọdún kan péré. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ tí ó dá wọn sílẹ̀. Ní 1976 ni ìjọba àpapọ̀ sì sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Aláìmoore ni yóò bu ẹnu àtẹ́ lu oore yẹn, nítorí àìmọye ọmọ àgbẹ̀ ni ó tipasẹ̀ rẹ̀ di dókítà. Síbẹ̀, ohun kan bọ́ sọnù lójú ọ̀nà. "Ilé-ẹ̀kọ́ wa" di "ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba", iṣẹ́ ìjọba kì í sì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni.

Ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan sọnù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá dáadáa tí ètò ti wà nílẹ̀ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tirẹ̀, tí àwọn òbí, olùkọ́, aṣojú àwọn obìnrin, àwọn àgbà àdúgbò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá yóò wà nínú rẹ̀, tí wọn yóò sì jọ kọ ètò ìdàgbàsókè ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Láti 2008 sí 2017, owó ìjọba Bìrìtìkó ran ìpínlẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀kọ́ tí èyí jẹ́ apá kan rẹ̀. Èkó àti Kwara wà nínú wọn. Níbi tí wọ́n ti ṣe é tọkàntọkàn, ó so èso. Níbi púpọ̀, orúkọ ìgbìmọ̀ wà nínú fáìlì, kò sì sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ti àwọn ọgbà bí i Abraham Adésànyà tún yàtọ̀. Ìlú tí kò ní agbo ilé ni ọgbà bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbò àti Ẹdó lè máa gbé ojúlé mẹ́rin tí ó tẹ̀ léra, kí ó má sì sí ẹni tí ó mọ orúkọ ìyá èkejì. Kì í ṣe pé àwọn ará ọgbà kò mọ ìpàdé í ṣe. Ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀ káàkiri Èkó, wọ́n ń pàdé lórí owó ọdẹ, lórí ẹ̀rọ ìpín-iná tí ó bàjẹ́, lórí gọ́tà tí ó dí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ni kì í sí lára ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ra ti ọmọ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni bí ẹni ra búrẹ́dì. Ó dà bí ẹni pé owó tí wọ́n san ti ra ohùn fún wọn. Kò rà á. Oníbàárà tí ọjà kò tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pè é kí ó wá sọ bí wọn yóò ṣe tò ó. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ti ko ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta láàárín ọdún márùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ìmọ̀ràn wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn odi ọgbà ni àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀dà tó dé ojú títì wà: àwọn ará Ajah, Òkun Ajah, Ogombo, Badore àti Langbasa, pẹ̀lú àwọn apẹja tí ọ̀sà àti òkun ń bọ́. Ọmọ wọn àti ọmọ ọdẹ tí ń ṣọ́ géètì ni ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwọn ọmọ méjèèjì ń gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá láràárọ̀, ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì, èkejì lórí ẹsẹ̀, wọn kò sì mọ ara wọn. Ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n igba ojú náà ti wà lẹ́yìn géètì báyìí.

Ó dára kí a wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ní 1988, òfin kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìlú Chicago. Òbí mẹ́fà, olùkọ́ méjì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àti ará àdúgbò méjì tí kò pọn dandan kí wọ́n ní ọmọ níbẹ̀. Ìdìbò ni wọ́n fi ń yan àwọn òbí náà. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń fọwọ́ sí ètò ọdọọdún àti ìnáwó, òun ni ó sì ń yan ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ni ó ti yọrí sí rere, ìjà pọ̀ níbòmíràn. Ohun tí ó yẹ kí ará Ajah fi ojú sí ni àga méjì ti ará àdúgbò yẹn. Òfin náà gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ẹni tí kò ní ọmọ nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe ohun tí Yorùbá ti ń sọ tipẹ́ kí Chicago tó di ìlú.

Àwọn olùkọ́ ní ẹ̀sùn tiwọn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òbí kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún un láyè, yóò fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá àgbà. Òmíràn a wá fi igbe bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì nítorí pé wọ́n bá ọmọ rẹ̀ wí. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi owó ra ìdánwò fún ọmọ, wọn a sì pe é ní ìrànlọ́wọ́. Nítorí náà ààlà gbọ́dọ̀ wà. Ẹbí ọmọ iṣẹ́ ń bá ọ̀gá ṣe àdéhùn, wọn kì í gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀ láti gé aṣọ fún un. Ètò ni ti gbogbo wọn. Kíkọ́ni àti dídá máàkì ni ti olùkọ́.

Bí ìpàdé yóò bá sì wà, ìgbà tí wọ́n pè é sí ti yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Ìpàdé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́rú ti lé ìyá alájà àti bàbá oníṣẹ́ ọ́fíìsì jáde kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé tí ó jẹ́ kìkì òyìnbó ti pa ẹnu apẹja dé. Ní 2018, Èkó ṣe òfin pé kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni. Bí ìdílé kò bá béèrè rẹ̀, ta ni yóò béèrè? Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ọgbà wọ̀nyí, ìyá àgbà kan wà tí ó wá láti Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì láti wá wẹ ọmọ tuntun, tí ó ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí àlọ́ àti oríkì kún inú rẹ̀. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ní kíláàsì kò ní pọ̀ jù fún un, kò sì ní ná ilé-ẹ̀kọ́ ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí ó lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àfi bí ìdílé bá wà níbi tí wọ́n ti ń ṣètò.

Àwọn tí ń darí ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé lè bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọdẹ àti ti gọ́tà. Kí wọ́n pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni tí ó súnmọ́ wọn, kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn àgbà Ajah pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò ṣòro. Afárá Jubilee tí wọ́n ṣí ní Ajah ní 2017 dín wàhálà oríta kù, kò mú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kúrò lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́; nítorí rẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́fà fi ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì ń sùn lórí tábìlì kí wọ́n tó dé ìdajì iṣẹ́ òwúrọ̀. Aago mélòó ni ó yẹ kí agogo máa lù?