Fọ́ọ̀mù Ti Ṣa Ènìyàn Kí Ìgbìmọ̀ Tó Jókòó

Ìkéde àwọn àjọ ẹlẹ́yinjú àánú wa kì í yàtọ̀: gbogbo ènìyàn ló lè kọ̀wé béèrè, pàápàá jù lọ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ó dùn ún gbọ́ létí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n wá gbé jáde láti fi pín owó ìrànwọ́ ni kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ wo afọ́jú tó ń fi TalkBack lo fóònù. Ohùn inú ẹ̀rọ ló ń ka ohun tó wà lójú fóònù sí i létí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù kò bá fún àwọn bọ́tìnì rẹ̀ lórúkọ, “bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì” ni yóò máa gbọ́. Ìlànà tí wọ́n ya ní fọ́tò sínú PDF ńkọ́? Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó fi hàn pé ènìyàn lòun, kó mú àwọn àwòrán tí iná ojú pópó wà nínú wọn. Kò rí i, ni wọ́n bá kà á mọ́ ẹ̀rọ. Adití ní tirẹ̀ lè kún un tán, kí wọ́n wá fi fóònù pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kò dáhùn, wọ́n ní kò múra.

Fọ́ọ̀mù ti ṣa ènìyàn kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.

Wọ́n á ní kí afọ́jú wá ẹni bá a kún un. Ta ni yóò kó nọ́ńbà BVN báǹkì rẹ̀ lé aládùúgbò lọ́wọ́ láyé jìbìtì Yahoo yìí? Wọ́n á ní owó ló ń ná wọn. Èló ni wọ́n ń ta kí ènìyàn fi ohùn dáhùn lórí WhatsApp? Owó báńà ayẹyẹ wọn kì í wọ́n wọn.

Ká tiẹ̀ ní owó náà jáde, báǹkì ló kàn. Ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń gba ẹnì kan ṣoṣo kò gba kẹ̀kẹ́ arọ. Oníbàárà á jókòó sínú oòrùn, òṣìṣẹ́ á wá bá a níta bí ẹni wá wo ẹran ìso. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe. Ó pé ní 2024. Ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Òfin yìí kan náà ló ní ilé-iṣẹ́ tó bá tìtorí àbùkù ara du ènìyàn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò san mílíọ̀nù kan náírà. Fọ́ọ̀mù ń du àwọn àkàndá ẹ̀dá ní tiwọn lójoojúmọ́.

Kí àjọ tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún afọ́jú, adití àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, kó sì sanwó iṣẹ́ wọn. Èyí tí wọn ò bá lè kún tán, kó má gbé e jáde.