Ohun Tí Kò Bá Yé Olówó, Ẹ Kò Tíì Sọ Ọ́

Ilé iṣẹ́ tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì tí olówó kò lè lóye kọ ìròyìn owó rẹ̀, irọ́ ló pa. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní èdè iṣẹ́ lọ́yà fún mi. Ẹni tó mọ òótọ́, tó mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ ọ títí kò fi ní orí, kò ní ìdí, kò sàn ju ẹni tó gbé e pamọ́ lọ, ìyà kan náà ló sì tọ́ sí àwọn méjèèjì.

Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1933, lẹ́yìn tí ọjà ìpín ìdókòwò dojú dé ní 1929, kò ní kí ìjọba bá ará ìlú yan ilé iṣẹ́ tó dára. Ó ní kí ẹni tó ń wá owó ará ìlú ro tẹnu rẹ̀, kí olówó gbọ́ kó tó tọwọ́ bàpò. Ó tó ọdún 65 lẹ́yìn náà kí SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà náà, tó ka gbígbọ́ sí ọ̀rọ̀. Ní 1998, nígbà tí Arthur Levitt jẹ́ alága, òfin dé pé kí gbólóhùn kúrú, kí ọ̀rọ̀ jẹ́ èyí tí mùtúmùwà ń sọ, kí ó hàn gbangba ẹni tó ṣe nǹkan. Wọ́n tẹ ìwé atọ́nà jáde, Warren Buffett ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ó ní bí òun bá ń kọ ìròyìn ọdọọdún, bí ẹni pé òun ń bá Doris ẹ̀gbọ́n òun àti Bertie àbúrò òun sọ̀rọ̀ ni: orí wọn pé, àmọ́ wọn kì í ṣe àkáǹtáǹtì.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀yìn, àkópọ̀ àti àlàyé ewu inú ìwé tí wọ́n fi ń ta ìpín nìkan ni òfin náà dé. Ó fi àlàyé wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ìṣirò owó nínú ìròyìn ọdọọdún sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni olè ń gbé.

Ẹ ṣí ìròyìn ọdún 2000 ti Enron, ilé iṣẹ́ Houston, dé àlàyé kẹrìndínlógún. Wọ́n kọ ọ́ pé Enron ń bá àwọn ẹgbẹ́ ìdókòwò kan ṣòwò, àti pé ọ̀gá kan ní Enron ló wà nídìí ẹni tó ń darí wọn. Wọn kò dárúkọ ọ̀gá náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àdéhùn, ìpín àti gbèsè jọ, tí wọ́n lọ́ wọn mọ́ra títí ojú fi ń ṣú ni. Gbólóhùn tó yẹ kí wọ́n kọ kò gùn: "Andrew Fastow tó ń tọ́jú owó wa ló ń darí àwọn ẹgbẹ́ tí à ń bá ṣòwò yìí, ó ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ wa, ó sì ń jẹ èrè lọ́dọ̀ wọn." Ta ló máa ka ìyẹn tí kò ní béèrè owó rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa. Ní Oṣù Kejìlá 1999, Enron ní òun ti ta ìpín fún báńkì ìdókòwò Merrill Lynch nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fẹ́ fi pèsè iná mànàmáná ní Èkó, ó sì kọ mílíọ̀nù 12 dọ́là sílẹ̀ bí èrè. Oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, LJM2, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Fastow, ti gba ìpín náà lọ́wọ́ Merrill.

Àwọn lọ́yà ní ọ̀rọ̀ tí ilé ẹjọ́ ti dán wò ni àwọn ń lò. Kí wọ́n lò ó, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn onímọ̀ ló ń bá ará ìlú kà á. Onímọ̀ wo? Ọ̀pọ̀ wọn ló ṣì ń ní kí a ra Enron nígbà tí ilé ti ń jó. Bethany McLean, akọ̀ròyìn Fortune, ló béèrè ní Oṣù Kẹta 2001 pé báwo gan-an ni ilé iṣẹ́ yìí ṣe ń pa owó. Ní ọjọ́ kejì Oṣù Kejìlá ọdún náà, Enron wọko gbèsè. Ìpín tó ti ń lọ sí nǹkan bí 90 dọ́là ní 2000 kò tó dọ́là kan mọ́, owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ọmọlúwàbí gbọ́dọ̀ sọ odindi.

Láti ìgbà náà, SEC ti fi òfin náà kan àlàyé ewu inú ìròyìn ọdọọdún àti owó tí àwọn ọ̀gá ń gbà. Àlàyé wẹ́wẹ́ ìṣirò owó ṣì wà níta. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, Maryland àti New York, tí wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì yín sínú ọjà yìí, SEC a máa gba ìwé lọ́wọ́ ará ìlú lórí òfin tó bá fẹ́ ṣe. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi òfin 1998 mú àlàyé wẹ́wẹ́ náà, kí wọ́n sì dá èyí tí kò bá yé èèyàn padà fún ẹni tó kọ ọ́.